Àtàǹpàkò Mọ́kànlélógún

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún wa.
Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá láti yunifásítì mẹ́ta,
a wọ ilé aṣòfin n'Ílọrin nínú ọyẹ́,
ètè wa là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn,
bàtà mi ṣì ń rùn gọ́ọ̀mù ṣúmékà Tánkẹ̀.

Mo ti lá àlá rẹ̀ tẹ́lẹ̀:
èmi, nítòsí ọ̀pá àṣẹ, tí mò ń sọ̀rọ̀ sétí aṣòfin,
tó ń mi orí, tó ń wí pé, "Ìbídùn, o ṣeun, n kò rò ó débẹ̀."
Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi ni wàrà.
"Sọ pé kó dín in gbẹ," ni ọ̀gá wí, "má jẹ̀ẹ́ kó fi ata tàn ọ́."

Ọjọ́ kejì, fọ́tòkọpí. Ọjọ́ kẹta, fọ́tòkọpí.
Ọjọ́ kẹrin, iná lọ,
mo ń fọwọ́ da àbádòfin kọ
lórí ẹran tó ń jẹ̀ kiri ìgboro.
Sùbéédátù, ọmọ Òkò-Erin, bú sẹ́rìn-ín:
"Ewúrẹ́ bàbá mi á gba lọ́yà."

Wọ́n ní Ìlọrin, ẹnu dùn ju iyọ̀.
Mo jókòó sí àga ẹ̀yìn, mo fetí ara mi gbọ́.
Ọlọ́lá kan dìde, ó kí Abẹnugan, ó kí ilé Abẹnugan,
ó pòwe mẹ́ta lórí kànga kan ṣoṣo,
ó jókòó, a ò rí omi.
Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìhà Bàrùtẹ́n,
gbólóhùn méjì péré ló sọ:
"Èló ni? Ta ló gbà á?"
Ilé pa lọ́lọ́.
Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.
Wọn ò sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Alájì Garúbà akọ̀wé àgbà
fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìsàlẹ̀:
"To ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ́dọọdún. Bo imú ẹ."
Eruku. Ìgbẹ́ aláǹgbá. Okùn tó ń já bí a bá ti fọwọ́ kàn án.
Ìwé Lafíàgí, ìwé Ọ̀fà, ìwé Pàtígì,
ilé-ìwé tó wó, tíṣà tí kò dé,
afárá, afárá, afárá.

Ibẹ̀ ni mo ti bá wa pàdé.
Abúlé wa, lẹ́yìn Òkè-Oníigbìn,
orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì kọ,
àti odò Ajímọ́ tó ń kún lóṣù Ọ̀wàrà,
tó gbé ọmọ káfíńtà lọ nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì.
Nísàlẹ̀, àtàǹpàkò mọ́kànlélógún,
yíǹkì aláró tó ti ń ṣá.
Ìkẹtàdínlógún: Àbẹ̀jẹ Ọláòṣebíkan.
Ìyá ìyá mi.
Mo mọ àpá tó la àtàǹpàkò náà sí méjì,
àdá ló ṣá a lóko ẹ̀gẹ́ nígbà tó lóyún ìyá mi.
Ọwọ́ yẹn ló fi ń bu àádùn fún mi.
Ní igun ìwé, ẹnìkan fi báírò pupa kọ ọ́:
A ti rí i.
Kò sí ọjọ́. Kò sí orúkọ.

Ìyá àgbà ti lọ, ó pé ọdún mẹ́ta.
Nígbà ayé ẹ̀, bí a bá ti ká aṣọ sókè létí odò,
á ní, "Ẹ ní sùúrù. Ìlọrin ti gbọ́."
Mo jókòó lórí páálí. Mi ò sunkún.
Ọyẹ́ ti gbẹ ojú mi.

Mo gbé e lọ sókè. Alájì kà á, ó yọ awò, ó nù ún,
ó tún kà á.
"Irú èyí pọ̀ nísàlẹ̀ yẹn ju irun orí lọ. Èwo ni ká mú?"
Mi ò ní ìdáhùn, mi ò sì purọ́.
Ó ní kí n kọ ojú ewé kan péré:
iye èèyàn, iye owó, ìgbìmọ̀ tó kàn.
"Má fi ìyá àgbà sí i. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni."
Mo yọ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n fún wa ní sátífíkéètì, a ya fọ́tò.
Mo yọjú sí yàrá ìgbìmọ̀ iṣẹ́ òde:
ojú ewé mi wà lórí tábìlì,
ife tíì wà lórí ẹ̀.
Mo wọlé, mo gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
mo fi etí aṣọ nu òrùka tó fi síbẹ̀,
mo jáde lọ bá Sùbéédátù nídìí kẹ̀kẹ́.